Adájọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀, àbí agbẹjọ́rò ná?

Ẹni tó ń kọ́ òfin, tó sì fẹ́ di adájọ́ kóòtù kékeré, lè gba ọ̀nà méjì.

Ní ilẹ̀ Faransé, ẹni tó bá yege ìdánwò àṣewọlé máa lọ sí ilé-ẹ̀kọ́ àwọn adájọ́ ní Bordeaux. Oṣù 31 ni ẹ̀kọ́ náà, ìjọba sì ń san owó oṣù fún un. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, adájọ́ àgbègbè gbọ́dọ̀ ti ní ìrírí iṣẹ́ òfin ọdún 5, ó kéré tán. Wọ́n sì sábà máa ń fẹ́ kó ti gbọ́ ẹjọ́ díẹ̀ gẹ́gẹ́ bí igbákejì adájọ́.

Ọ̀nà Faransé yá, kò sì náni lówó púpọ̀, àmọ́ ìdánwò rẹ̀ le. Ohun tó ń kọ mí lóminú jù ni ìrírí: wọ́n ń rán akẹ́kọ̀ọ́ lọ sọ́dọ̀ agbẹjọ́rò fúngbà díẹ̀, ìyẹn ò tó láti mọ ìdààmú ẹni tí wọ́n fẹ́ lé kúrò nílé. Ní ti ọ̀nà Gẹ̀ẹ́sì, agbẹjọ́rò ti jókòó ti irú ẹni bẹ́ẹ̀ rí. Ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó lè fọwọ́ sọ̀yà fún un pé ipò adájọ́ á bọ́ sí i lọ́wọ́.

Bó o bá ti pinnu láti kékeré, tí o ò sì lówó ìdúródè, ti Faransé yẹ ọ́. Bó o bá fẹ́ràn àtirojọ́ fún oníbàárà, tó o sì ní sùúrù, ṣe agbẹjọ́rò ná.