Móòdù alumíníọ́mù fún ìdẹ òjé: bó ṣe wúlò sí létí òkun Ògùn Waterside

Etí òkun tó kàn wá ní ilẹ̀ Ìjẹ̀bú kò gùn. Awodikora, níbi tí ìjọba ìbílẹ̀ Ògùn Waterside ti kan òkun, wà lára rẹ̀. Ìdẹ fífúyẹ́ kò lè ṣiṣẹ́ níbẹ̀. Atẹ́gùn gúúsù ìwọ̀-oòrùn máa ń fẹ́ kọ lu ojú ẹni tó ń ju ìwọ̀, omi etíkun sì ń wọ́ ohun gbogbo lọ sí ìhà ìlà-oòrùn. Ìdẹ oníke 20 gíráàmù kì í kọjá ibi tí ìgbì ti ń fọ́. Ìdí nìyẹn tí móòdù yìí, irin alumíníọ́mù tí a ń da òjé yíyọ́ sínú rẹ̀ kó lè di ìdẹ, fi wù mí: ihò mẹ́ta ló ní, ti 40, 60 àti 80 gíráàmù, gbogbo wọn ní ìrísí ẹja wẹ́wẹ́.

Ẹni tó gbẹ́ ẹ mọ iṣẹ́. Ó jẹ́ kí ìdí ìdẹ wúwo ju orí lọ, nítorí náà ìdí ló ń ṣíwájú nínú afẹ́fẹ́, orí tí okùn wà sì ń tẹ̀ lé e. Ìdẹ tó wúwo ní àárín máa ń yí gbirigbiri lókè, okùn á lọ́ mọ́ ìwọ̀, á sì balẹ̀ nítòsí. Ibi tí òjé wà ṣe pàtàkì ju bó ṣe pọ̀ tó lọ.

Àbùkù méjì ló ní. Ojú tí wọ́n gbẹ́ sínú rẹ̀ fún wáyà tó ń gba inú ìdẹ kọjá, ti mìlímítà 1 ni, ẹja agasa ńlá sì máa ń na irú wáyà bẹ́ẹ̀. Bí ẹ bá fi 1.2 sí i, ẹ̀gbẹ́ méjèèjì móòdù kò ní pa dé, òjé á sì ṣàn jáde lẹ́gbẹ̀ẹ́. Ẹ fi fáìlì tẹ́ẹ́rẹ́ fẹ ojú náà díẹ̀díẹ̀. Èkejì ni pé ẹnu tí a ń da òjé sí há jù: òjé ń dì níbẹ̀ kí ìdí tó kún. Ẹ fi dírììlì fẹ̀ ẹ́ tó mìlímítà 8, kí ẹnu rẹ̀ ṣí bíi ti àrọ.

Òjé ẹsẹ̀ àwọ̀n ló dára jù, ó rọ̀, ó sì mọ́. Èyí tí àwọn fọkanáísà fi ń ṣe báláǹsì táyà náà ṣeé lò, ṣùgbọ́n síǹkì máa ń wà láàárín rẹ̀. Òjé ń yọ́ ní 327°C, síǹkì ní 419°C. Nítorí náà ẹ má jẹ́ kí iná pọ̀ jù. Èyí tó bá léfòó tí kò yọ́, ẹ fi ṣíbí irin kó o dànù. Bí síǹkì bá yọ́ mọ́ ọn, òjé á ki, kò sì ní ṣàn dé ìdí. Ẹ má fọwọ́ kan òjé inú bátìrì mọ́tò rárá.

Ẹ fi èéfín àtùpà kun inú móòdù kó dúdú, kí ẹ tò ó sí ẹ̀gbẹ́ iná kó gbóná. Ìdẹ tó bá jáde pẹ̀lú ojú híhunjọ tàbí ìdí tí kò pé, móòdù tútù ló fà á. Ẹ dá a padà sínú ìkòkò. Ẹ da òjé ní ìgbà kan ṣoṣo láì dúró, kí ẹ sì má ṣí móòdù títí dídán ẹnu rẹ̀ á fi pa.

Ẹ jọ̀ọ́, omi! Ẹ̀kán kan ṣoṣo nínú òjé yíyọ́ á di ooru lójijì, á sì fọ́n òjé náà sójú yín. Awò ojú, ìbọ̀wọ́ awọ àti bàtà ṣe dandan. Ìta gbangba ni ẹ ti ṣe é, kí atẹ́gùn wà lẹ́yìn yín, kí ìkòkò náà má sì padà sí ilé ìdáná láéláé. Òjé ló pa ọgọ́rọ̀ọ̀rún ọmọdé ní Zamfara ní 2010, nítorí náà eruku òjé tí ẹ bá fi fáìlì ha kò gbọdọ̀ dé ibi tí àwọn ọmọ ń ṣeré.

Òrùka tó bá móòdù wá, tí a fi ń so ìwọ̀ mọ́ ìdẹ, máa ń dípẹtà kíá. Ẹ ra ti irin aláìdípẹtà. Ìwọ̀ ẹlẹ́nu kan tí ìtóbi rẹ̀ jẹ́ 5/0 tẹ́ mi lọ́rùn ju ìwọ̀ ẹlẹ́nu mẹ́ta lọ: kì í kó yanrìn àti koríko, ó sì rọrùn láti yọ lẹ́nu ẹja. Funfun pẹ̀lú ẹ̀yìn búlúù ni mo máa ń kùn ún, nítorí ó jọ ẹja wẹ́wẹ́ tí ẹja kúta ń lé.

Fún 80 gíráàmù, ẹ lo ọ̀pá mítà 3.9 àti okùn aṣíwájú (okùn líle tó wà láàárín ìdẹ àti okùn ríìlì) 60 lb tó gùn tó ìlọ́po méjì ọ̀pá, kí kókó tó so méjèèjì pọ̀ lè wà lórí ríìlì nígbà tí ẹ bá ń jù ú. Bí kúta bá wà, ẹ fi wáyà tó gùn tó ìka ọwọ́ méjì sí iwájú ìdẹ, nítorí eyín rẹ̀ ń gé okùn. Gbàrà tí ìdẹ bá kan omi, ẹ bẹ̀rẹ̀ sí í fà á. Bó bá jókòó sílẹ̀, yanrìn á mú un. Fún agasa, ẹ fà á kíkankíkan.

Omi aláìníyọ̀ ni kí ẹ fi fọ ìdẹ lálẹ́ ọjọ́ náà. Móòdù náà kórìíra iyọ̀: ọwọ́ tó ti òkun dé kó má tíì kàn án, ẹ sì fi epo ẹ̀rọ pa á kí ẹ tó tọ́jú rẹ̀. Bí ẹ bá tún fẹ́ lò ó, ẹ nu epo náà kúrò pátápátá, torí epo máa ń mú kí ojú ìdẹ ní ihò wẹ́wẹ́.