Oyez: Ibi tí a ti ń gbọ́ ẹjọ́ lórí agbára tí aṣòfin gbé fún aláṣẹ

Ìkànnì Oyez kó ohùn àwọn adájọ́ àti agbẹjọ́rò Ilé-ẹjọ́ Gíga Jùlọ ti Amẹ́ríkà jọ láti ọdún 1955, ọ̀fẹ́ sì ni. Fún ẹni tó bá fẹ́ mọ ibi tó yẹ kí Kọ́ńgírẹ́ẹ̀sì dúró sí bí ó bá ń gbé iṣẹ́ òfin ṣíṣe lé àwọn aláṣẹ lọ́wọ́, n kò mọ olùkọ́ tó dára jù ú lọ, nítorí pé ìwé ìdájọ́ kì í fi ibi tí ìbéèrè adájọ́ ti há agbẹjọ́rò lọ́nà ọ̀fun hàn wá.

Ẹ kọ́kọ́ tẹ́tí sí ẹjọ́ tí ẹgbẹ́ Consumers' Research bá FCC, àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń bójú tó iṣẹ́ ìbánisọ̀rọ̀, ṣe, tí wọ́n rò ní oṣù kẹta ọdún 2025. Àwa tí a ń gbé ní Amẹ́ríkà mọ owó tí wọ́n ń jà lé lórí: ìlà kékeré kan ni lórí bíìlì fóònù wa, òun ni wọ́n sì fi ń gbé fóònù àti íntánẹ́ẹ̀tì dé ìgbèríko, ilé ìwé àti ilé ìkàwé. Òfin ọdún 1996 kò dárúkọ iye kankan. Ó kàn ní kí owó náà tó fún iṣẹ́ ọ̀hún ni, FCC ló ń ṣírò ìyókù; ẹgbẹ́ náà ní agbára tí Kọ́ńgírẹ́ẹ̀sì gbé fún un yìí ti pọ̀ jù. Bí ohùn bá ti ń lọ, ọ̀rọ̀ tí wọ́n ń sọ yóò máa hàn lójú ìwé pẹ̀lú àwòrán ẹni tó ń sọ ọ́, bí ẹ bá sì tẹ ìlà kan, ohùn yóò fò lọ síbẹ̀. Èyí wúlò gan-an níbi tí àwọn adájọ́ ti ń béèrè bóyá kíkọ iye kan sílẹ̀ tó láti dè aláṣẹ, bí iye náà tilẹ̀ ga kọjá ààlà. Adájọ́ mẹ́fà dá FCC láre. Adájọ́ mẹ́ta yòókù, Gorsuch, Thomas àti Alito, kò gbà.

Ohun tó dùn mí ni pé ọdún 1935 nìkan ni ilé-ẹjọ́ náà fagi lé òfin nítorí pé Kọ́ńgírẹ́ẹ̀sì gbé agbára tí kò ní òdiwọ̀n fún Ààrẹ, ẹ̀ẹ̀mejì sì ni, kí gbígba ohùn sílẹ̀ tó bẹ̀rẹ̀. Èkíní jẹ́ lórí epo rọ̀bì; èkejì ni ti ìdílé Schechter, àwọn tó ń pa adìyẹ tà ní Brooklyn. Òfin ọdún 1933 gba Ààrẹ láàyè láti fọwọ́ sí ìlànà tí àwọn oníṣòwò fúnra wọn bá kọ, ìlànà ọ̀hún sì kọ̀ fún oníbàárà láti ṣa adìyẹ tó wù ú nínú àgò. Gbogbo adájọ́ mẹ́sẹ̀ẹ̀sán ló fẹnu kò láti fagi lé e. Ẹni tó bá gbọ́ ohùn nìkan lè rò pé kò sí ààlà rárá, nítorí náà, ẹ kọ́kọ́ ka ìdájọ́ Schechter kí ẹ tó tẹ ohùn èyíkéyìí.