Ẹ̀yin tí ọkọ̀ yín ń gbóná ní Àkúrẹ́, ẹ má jẹ́ kí wọ́n gba ẹ́ńjìnnì yín o!

Ẹ̀yin ará Àkúrẹ́, ẹ̀yin ará Oǹdó, ẹ jọ̀ọ́, ẹ ka èyí tán kí ẹ tó gbé mọ́tò yín fún ẹnikẹ́ni. ₦740,000 ni wọ́n gbà lọ́wọ́ mi. Owó àjọ ni, oṣù mẹ́wàá ni mo fi dá a. Ohun tó ń ṣe mọ́tò mi kò tó ₦5,000!

Corolla 2005 ni mo ń wà. Ìparí oṣù kejì ló bẹ̀rẹ̀. Bí mo bá ti há sínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ ní òpópónà Ọba Adésidà, níwájú Ọjà Ọba, ọwọ́ géèjì tó ń fi ìgbóná ẹ́ńjìnnì hàn á bẹ̀rẹ̀ sí í gòkè. Bí ọ̀nà bá là, tí mo bá ti ń sáré lọ sí Alágbàkà, á sọ̀kalẹ̀ fúnra rẹ̀. Ibẹ̀ gan-an ni àṣírí wà, èmi ni n kò mọ̀.

Lọ́jọ́ tí mò ń wí yìí, omi hó jáde, èéfín bo bónẹ́ẹ̀tì, àwọn ọlọ́kadà ń pariwo lé mi lórí. Mo bọ́ sílẹ̀ tàṣọ-iṣẹ́-tàṣọ-iṣẹ́. Ọmọkùnrin kan yọ sí mi. "Mọ́mì, ẹ fọkàn balẹ̀, mẹkáníìkì ni mí." Nígbà tó tutù, ó bu omi kún rádíétọ̀, ó ní kí n ṣíná sí ọkọ̀, ó sì fi ìdérí rẹ̀ sílẹ̀ ní ṣíṣí. Omi ń yọ ìfófòó. "Mọ́mì, ẹ wá wò ó fúnra yín. Top gasket ti jó, ẹ́ńjìnnì ti kú nìyẹn." (Top gasket ni ohun pẹlẹbẹ tó dí àárín orí ẹ́ńjìnnì àti ara rẹ̀.) Ó fa àkísà kan yọ lápò ẹ̀yìn, ó ní kí n wo ọ́ìlì mi, ó ti dà bí mílíìkì. Lóòótọ́, nǹkan funfun bí ògì wà lára àkísà náà. Àmọ́ n kò rí i kó fa ọ̀pá ọ́ìlì yọ! Ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ni mo dúró sí, n kò rí i kó fà á yọ! Àpò rẹ̀ ni àkísà yẹn ti wá!

Kí ẹnikẹ́ni má sọ pé n kò béèrè. Mo béèrè. Mo ní ṣé a ò lè pààrọ̀ top gasket nìkan ni, ó ní owó ni mo fẹ́ fi ṣòfò. Ó mú mi lọ sọ́dọ̀ ọ̀gbẹ́ni kan tó ń ta ẹ́ńjìnnì tòkunbọ̀. Ẹ́ńjìnnì, ₦650,000. Iṣẹ́ ọwọ́, ₦90,000. Mo béèrè èyí tí wọ́n tú, wọ́n ní irin àlòkù lásán ni, àwọn á bá mi kó o dànù. Mo tún dúpẹ́! Ẹ́ńjìnnì mi tí kò ní nǹkan kan, èmi ni mo dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹni tó gbé e lọ!

Àbúrò mi ọkùnrin tó wà ní Oǹdó ti ní kí n ní sùúrù dé ìparí ọ̀sẹ̀ kí òun wá. Mo jágbe mọ́ ọn, mo ní ta ni yóò máa gun ọ̀kadà lọ síbi iṣẹ́. Ẹ̀bi mi nìyẹn, mo gbà. Ṣé ẹ̀bi mi náà ni pé ọmọ tó pè mí ní Mọ́mì wo ojú mi, ó sì purọ́?

Ọjọ́ kẹta tí wọ́n gbé ẹ́ńjìnnì yẹn sí i, níwájú Ọjà Ọba kan náà, ọkọ̀ tún gbóná. Mẹkáníìkì ní thermostat ni, ìyẹn ohun tó ń ṣí ọ̀nà fún omi láti ẹ́ńjìnnì lọ sí rádíétọ̀, ó yọ ọ́ sọnù. Ó tún gbóná. Lẹ́yìn ìyẹn, kò gbé fóònù mi mọ́. Ẹni tó ta ẹ́ńjìnnì ní ẹ́ńjìnnì òun kò ní àbùkù, kí n lọ bá mẹkáníìkì mi. Mẹkáníìkì mi, ẹni tí òun fúnra rẹ̀ ń rẹ́rìn-ín sí!

Ọjọ́ Sátidé ni àbúrò mi mú ríwáyà kan, oníṣẹ́ iná ọkọ̀, wá láti Oǹdó. Ọmọ náà kò tú nǹkan kan. Ó ní kí n ṣíná, kí n tan AC, ó sì nàka sí fáànù rádíétọ̀. Kò yí. Ó ṣí àpótí fíúsì lábẹ́ bónẹ́ẹ̀tì, ó fa nǹkan dúdú kan yọ tí kò ju páálí ìṣáná lọ, ó fi irú rẹ̀ mìíràn rọ́pò. Fáànù bá dún wúùù, atẹ́gùn rẹ̀ gbé etí ìró mi. Rìlé ni, ohun tó ń tan iná fún fáànù. ₦4,500. Mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀.

Ó ṣàlàyé pé bí ọkọ̀ bá ń sáré, afẹ́fẹ́ ojú ọ̀nà ló ń fẹ́ rádíétọ̀. Bó bá dúró, fáànù nìkan ló kù. Ìfófòó tí mo rí, afẹ́fẹ́ tó wọlé nígbà tí wọ́n bu omi tuntun ló ń jáde.

Wàhálà kò tíì tán. Nọ́ńbà tó wà nínú ìwé ọkọ̀ mi yàtọ̀ sí èyí tó wà lára ẹ́ńjìnnì báyìí. Bí ọlọ́pàá bá dá mi dúró lọ́nà Oǹdó, kí ni mo fẹ́ sọ?

Ẹ tètè gbọ́ èyí: bó bá jẹ́ inú gosílóò nìkan ló ti ń gbóná, ẹ wo fáànù, fíúsì àti rìlé ná. Ẹ má ṣí rádíétọ̀ nígbà tó bá gbóná. Top gasket tó bá jó lóòótọ́, omi sábà máa ń dín kù láìjò sílẹ̀, èéfín funfun sì sábà máa ń jáde ní sáléńsà. Kódà nígbà náà, ẹ gbọ́ ti ẹlòmíràn kí ẹ tó ra ẹ́ńjìnnì. Ẹ gba rìsíìtì. Ohun tí wọ́n bá tú, ẹ gbé e lọ sílé.

Èmi ò gba ọlọ́jà páàtì kankan gbọ́ mọ́. Abọ́ kan náà ni wọ́n ti ń jẹun: mẹkáníìkì á fa oníbàárà wá, ọlọ́jà á fún un ní tirẹ̀ lẹ́yìn. Ẹ lè ní ìbínú ló ń sọ̀rọ̀. Bẹ́ẹ̀ ni, inú ń bí mi!

Ẹni tó bá ra ẹ́ńjìnnì Corolla ní Àkúrẹ́ láti oṣù kẹta, kó wo ẹ̀gbẹ́ ìdérí ibi tí a ti ń bu ọ́ìlì. Ọmọ mi obìnrin fi ọ̀dà èékánná pupa kọ lẹ́tà "T" síbẹ̀ nígbà tó wà ní kékeré. Bí ẹ bá rí i, èmi ni mo ni ín.