Programmer, box tàbí sọ́fítíwia: èwo ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ rà fún àtúnṣe fóònù?

Fóònù tí wọ́n ń gbé wá bá yín jù ló yẹ kó sọ èyí tẹ́ ẹ máa rà.

Bó bá jẹ́ iPhone, programmer kékeré (ẹ̀rọ tó ń ka dátà inú ẹ̀yà fóònù, tó sì ń kọ ọ́ sára òmíràn) bíi JC V1SE tàbí iCopy Plus ti QianLi ni. Àtìgbà tí True Tone (ohun tó ń mú kí àwọ̀ síkírìnì bá ìmọ́lẹ̀ ibi téèyàn wà mu) ti dé orí iPhone 8 àti X ní 2017, ṣíìpù kékeré kan lára síkírìnì ló ń tọ́jú dátà rẹ̀. Ẹ tẹ ẹnu okùn síkírìnì àtijọ́ mọ́ ojú ẹ̀rọ, ẹ ní kó kà á. Ẹ yọ ọ́, ẹ gbé tuntun sí i, ẹ ní kó kọ ọ́. Ó tán. Ṣùgbọ́n ẹ kà á kí okùn náà tó já o! Mo ti kánjú fa síkírìnì kan yọ rí, okùn rẹ̀ ya, mi ò sì rí nǹkan kan kà lára rẹ̀ mọ́. Ó dun oníbàárà mi, ó sì dun èmi náà.

Kẹ́ ẹ tó sanwó, ẹ bèèrè pátákó tó bá a wá, ìyẹn bọ́ọ̀dù tẹ́ ẹ ó máa so ẹ̀yà fóònù mọ́. Ti síkírìnì, ti bátìrì àti ti Face ID yàtọ̀ síra, wọ́n sì sábà máa ń tà wọ́n lọ́tọ̀. Ẹ̀rọ yìí lè kọ 100% sára bátìrì tó ti gbó. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ṣe é, irọ́ lẹ pa fún ẹni tó fọkàn tán yín.

Bó bá jẹ́ iPhone tuntun nìkan lẹ ń ṣe, ẹ ní sùúrù ná. Láti iOS 18, ní 2024, Repair Assistant inú fóònù ń ṣe àtúntò ẹ̀yà ojúlówó lọ́fẹ̀ẹ́, títí kan èyí tí wọ́n yọ lára fóònù mìíràn, bí Activation Lock (títì tó so fóònù mọ́ àkáǹtì Apple ẹni tó ni ín) kò bá ti sí lórí ẹ̀.

Box ní tirẹ̀, bíi Easy JTAG Plus, ṣíìpù ìpamọ́ ló ń bá sọ̀rọ̀ tààrà nígbà tí fóònù bá ti kú. Oríṣi ṣíìpù ìpamọ́ méjì ni eMMC àti UFS; sọ́kẹ́ẹ̀tì tẹ́ ẹ máa ki eMMC sí kì í ṣe ti UFS, ẹ wò ó dáadáa. Bí ọwọ́ yín kò bá tíì dán nínú fífi hot air (ẹ̀rọ afẹ́fẹ́ gbígbóná) yọ ṣíìpù, ẹ má tíì rà á.

Ó ku sọ́fítíwia orí kọ̀ǹpútà. Chimera àti UnlockTool, àsìkò lẹ ń sanwó fún. Bó bá pé, ẹ tún san. Odin fún Samsung àti SP Flash Tool fún fóònù tó ń lo ṣíìpù MediaTek kò gba owó, àwọn ni mo ní kẹ́ ẹ fi bẹ̀rẹ̀. Lórí MediaTek, ẹ kọ́kọ́ ka nvram, apá kan nínú ìpamọ́ fóònù, pamọ́ sí kọ̀ǹpútà: ibẹ̀ ni IMEI (nọ́ńbà ìdánimọ̀ fóònù) àti àtúntò nẹ́tíwọ́ọ̀kì wà, bẹ́ ẹ bá sì ṣèèṣì tẹ Format All, gbogbo rẹ̀ ló máa pa rẹ́.