Alginate tí mo lò fún egbò ẹ̀yìn etí ẹ̀gbọ́n mi

Àfín ni ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin. Ọjọ́ ti pẹ́ tí oòrùn ti ń jẹ wọ́n lára kí egbò kan tó yọ lẹ́yìn etí wọn tí kò san, tí dókítà sì ní jẹjẹrẹ awọ ara ni. Dókítà gé e kúrò, kò rán ojú ibẹ̀. Ó ní ẹran tuntun ni yóò hù láti ìsàlẹ̀ wá dí i.

A kúrò ní ọsibítù láìsí ẹ̀jẹ̀ kankan. Adrenaline wà nínú abẹ́rẹ́ tí wọ́n fi pa ojú ibẹ̀ kú, òun ló fún iṣan ẹ̀jẹ̀ pọ̀. Nígbà tó di alẹ́ tí agbára rẹ̀ tán, gọ́ọ̀sì rin gbingbin. Mo tẹ gọ́ọ̀sì tuntun mọ́ ọn fún ìṣẹ́jú 20 láìṣí i wò, ẹ̀jẹ̀ dá. Àmọ́ nígbà tí ilẹ̀ mọ́, gọ́ọ̀sì ti gbẹ mọ́ egbò. Bí mo ṣe ń ṣí i, ẹ̀gbọ́n mi di ọwọ́ mi mú, ẹ̀jẹ̀ tó ti dì sójú egbò bá a ṣí, ẹ̀jẹ̀ tún dé.

Nọ́ọ̀sì kan ló ní ká ra alginate, ohun tí wọ́n fi ń bo ojú egbò. Ó dà bí òwú funfun pẹlẹbẹ. Koríko inú òkun ni wọ́n fi ń ṣe é. Kálísíọ̀mù inú rẹ̀ ń ran ẹ̀jẹ̀ lọ́wọ́ láti dì, òun fúnra rẹ̀ a sì fa omi egbò mu, a wá rí bí ẹ̀kọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń dì. Ìdí nìyẹn tí kì í fi lẹ̀ mọ́ egbò. Mo fi gọ́ọ̀sì àti plásítà bò ó. Lẹ́yìn ọjọ́ méjì mo da omi iyọ̀ ọsibítù sí i, ó yọ wọ̀ọ̀. Ẹ̀gbọ́n mi ò tiẹ̀ mọ̀ pé mo ti ṣí i tán. Mo sunkún.

Ó wọ́n o, fárámásì mẹ́ta ni mo dé kí n tó rí i. Bó bá ti rin, ó máa ń jọ ọyún, ó sì ń rùn díẹ̀. Àyà mi já títí nọ́ọ̀sì fi fọ̀ ọ́ tí mo rí i pé abẹ́ rẹ̀ pọ́n dáadáa. Nígbà tí egbò ò tutù mọ́, òun náà bẹ̀rẹ̀ sí í gbẹ mọ́ ara, la bá bọ́ sórí fasilíìnì àti bándéèjì tí kì í lẹ̀. Ẹ̀jẹ̀ tó bá sì ń tú yàà tí kò gbọ́ ti títẹ̀, ọsibítù ló kàn, kì í ṣe alginate.

Ẹ̀gbọ́n mi ń lo aspirin, tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ tètè dì, nítorí ọkàn wọn, dókítà sì ní kí wọ́n máa lò ó lọ. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fúnra yín dá irú oògùn bẹ́ẹ̀ dúró.

Ọ̀sẹ̀ keje ni ojú egbò pa. Ká ní mo mọ̀ ni, mi ò bá ti ra alginate sílé kí a tó lọ ṣe iṣẹ́ abẹ.