NFS Ẹ̀yà 3 àti Ẹ̀yà 4: Èwo Ló Yẹ Ká Lò?
NFS ni ìlànà tí kọ̀ǹpútà fi ń lo fáìlì tó wà lórí sáfà, ìyẹn kọ̀ǹpútà tó ń pín fáìlì fún àwọn yòókù, bí ẹni pé orí ara rẹ̀ ló wà. Ní ọ́fíìsì wa ní Òkè-Fìà, Òṣogbo, kọ̀ǹpútà kan kọ̀ láti ṣí fáìlì tó wà lórí sáfà àtijọ́ wa, nítorí pé wọ́n ti kọ vers=4 sínú /etc/fstab rẹ̀ (fáìlì tó ń sọ àwọn ibi ìpamọ́ tí kọ̀ǹpútà Linux máa so mọ́ ara rẹ̀), bẹ́ẹ̀ sáfà náà kò mọ̀ ju ẹ̀yà 3 lọ. Bí a ṣe yí i sí vers=3 ni fáìlì ṣí.

Ẹ̀yà 3, tí ìlànà rẹ̀ jáde ní ọdún 1995, kì í tọ́jú àkọsílẹ̀ ẹni tó ṣí fáìlì. Tí iná bá lọ tí sáfà sì tún dìde, kọ̀ǹpútà á kàn tún ìbéèrè rẹ̀ ṣe ni. Ìṣòro rẹ̀ ni pé iṣẹ́ mìíràn lọ́tọ̀ ló ń bá a ti fáìlì pa kí ẹni méjì má bàa kọ nǹkan sínú rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, ojú ọ̀nà (port) tó ń gbà lórí nẹ́tíwọ́ọ̀kì sì pọ̀, èyí tó máa ń da ẹni tó ń tọ́jú fáyawọ́ọ̀lù (ẹ̀ṣọ́ tó ń pinnu ohun tó lè gba orí nẹ́tíwọ́ọ̀kì kọjá) láàmú gan-an.

Ẹ̀yà 4 kó gbogbo rẹ̀ sójú ọ̀nà kan, ìyẹn port 2049, títi fáìlì pa sì wà nínú rẹ̀. Ṣùgbọ́n ó ń fi orúkọ àti dómẹ́ènì (orúkọ ẹgbẹ́ tí kọ̀ǹpútà wà) mọ ẹni tó ni fáìlì, nítorí náà tí dómẹ́ènì ìhà méjèèjì kò bá dọ́gba, fáìlì rẹ lè di ti «nobody» lójú rẹ, ìyẹn orúkọ tí kì í ṣe ti ẹnikẹ́ni.

Èmi fara mọ́ ẹ̀yà 4 níbikíbi tí sáfà bá ti gbà á. Kí o tó dá ẹnikẹ́ni lẹ́bi, tẹ àṣẹ nfsstat -m lórí kọ̀ǹpútà rẹ, kí o wo ẹ̀yà tí òun àti sáfà fohùn ṣọ̀kan lé lórí.