Gay's the Word, ṣọ́ọ̀bù ìwé kékeré ní London tó gbà wá ní wákàtí méjì

Kí ẹnikẹ́ni má bi mí o, wọn ò fún mi ní kọ́bọ̀ kọ èyí. Owó ara mi ni mo ná ńbẹ̀, mo sì tún máa padà lọ ná an.

Àbúrò mi ọkùnrin, ọmọ ọdún 19, ló sọ fún mi lọ́dún tó kọjá pé géè lòun, pé ọkùnrin bíi tòun ló ń wu òun. Orí fóònù ló ti sọ ọ́, ohùn ẹ̀ ń gbọ̀n, èmi náà ò mọ nǹkan tí mo lè sọ ju "ó dáa, ṣé o ti jẹun?" lọ. Látìgbà yẹn ni mo ti ń wá ibi tí mo lè mú un dé láàárín àwọn èèyàn ẹ̀, tí kì í sì í ṣe kìlọ́ọ̀bù, torí kì í mutí, Soho, àdúgbò kìlọ́ọ̀bù tí gbogbo ayé ń pariwo yẹn, ó ní orin ibẹ̀ ń fọ́ òun lórí. A kọ́kọ́ lọ sí ilé ìtàwé ńlá kan (mi ò ní dárúkọ wọn), igun kan lẹ́yìn àtẹ̀gùn ni wọ́n kó ìwé LGBT sí (ìyẹn ti géè, ti lẹ́síbíà tó jẹ́ obìnrin tó ń fẹ́ obìnrin, ti trans tó jẹ́ ẹni tí kò gbà pé akọ tàbí abo tí wọ́n pè é nígbà ìbí lòun, àtàwọn míì), pẹpẹ kan ṣoṣo, ìdajì ẹ̀ káàdì ọjọ́ ìbí. Àbúrò mi béèrè ìwé kan, ọmọ tó dúró ńbẹ̀ bá gbóhùn sókè ó ń bi ẹnìkejì ẹ̀ tó wà lọ́ọ̀ọ́kán pé níbo la kó àwọn ìwé géè sí, gbogbo ojú yí sọ́dọ̀ wa. Mi ò rò pé ọmọ yẹn ní ibi lọ́kàn, àmọ́ kí n tó bojú wẹ̀yìn àbúrò mi ti wà lẹ́nu ọ̀nà.

Ẹnì kan níbi iṣẹ́ mi ló wá ní ṣé mo ti mú un dé Marchmont Street. Ibẹ̀ ni Gay's the Word wà, ṣọ́ọ̀bù ìwé àwọn géè àti lẹ́síbíà. Nọ́ńbà 66 ni, ní Bloomsbury, tẹ́ ẹ bá bọ́ọ́lẹ̀ ní Russell Square ẹsẹ̀ díẹ̀ lẹ máa rìn, láti King's Cross náà kò jìnnà. Ọjọ́ tá a lọ, a rìn kọjá ṣọ́ọ̀bù yẹn. Àbúrò mi ń wo fóònù bí ẹni tí kò ríbẹ̀, ó ní "Sisí mi, ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ rìn dé iwájú ná." A rìn dé iwájú. A ṣẹ́rí padà, ó tún kọjá. Ẹlẹ́ẹ̀kẹta ni mo di apá ẹ̀ mú, mo ní òjò ń pa mí jàre.

Ibẹ̀ ò tóbi o, ẹ má lọ rò pé ilé alájà mẹ́ta ni. Àmọ́ ìwé wà níbẹ̀ débi pé ojú ò mọ èyí tí ì bá kọ́kọ́ wò, ìtàn àròsọ, ewì, ìtàn ìgbésí ayé, ti àwọn trans, ti lẹ́síbíà, tàwọn ọmọdé pàápàá. Nǹkan tí mo tìtorí ẹ̀ fún wọn ní ìràwọ̀ márùn-ún nìyí: ọkùnrin tó ń tajà kí wa, ó sì gbójú kúrò lára wa. Kò tẹ̀ lé wa kiri, kò bi wá pé ta ni géè nínú ẹ̀yin méjèèjì. Nígbà tí èmi fúnra mi tọ̀ ọ́ lọ pé mò ń wá ìwé fún ọmọ kan tí kì í lè ka ìwé gígùn parí, ìbéèrè méjì péré ló bi mí, kí ló máa ń pa á lẹ́rìn-ín, ṣé kò ní bínú tí ìwé bá pa á lẹ́kún. Ó wọ àárín pẹpẹ lọ, ó mú mẹ́ta wá, kò sí ọ̀kan tí mo gbọ́ orúkọ ẹ̀ rí. Ẹ gbé ìyẹn sẹ́gbẹ̀ẹ́ orí íntánẹ́ẹ̀tì tó jẹ́ ìwé kan náà ni wọ́n ń tì sí gbogbo èèyàn.

Ìtàn ibẹ̀ ló tún wá jẹ́ kí n máa fojú míì wo ìwé tó wà lọ́wọ́ mi. Oṣù kìíní 1979 ni wọ́n ṣí i, eré orin kan tí Ivor Novello, olórin kan, gbé dé London lọ́dún 1951 ni wọ́n sì ti mú orúkọ yẹn. Lásìkò yẹn àwọn atẹ̀wé ní Britain ò fẹ́ fọwọ́ kan ìwé géè tó bẹ́ẹ̀, Amẹ́ríkà ni wọ́n ti ń kó púpọ̀ wọlé, ibẹ̀ sì ni kọ́sítọ́ọ̀mù ti rí wọn mú. Lóṣù kẹrin 1984 wọ́n ya wọ ṣọ́ọ̀bù, wọ́n kó ìwé bí ẹni ń kó ẹrù olè, ìwé àwọn òǹkọ̀wé tí ayé mọ̀ ni, ti Tennessee Williams wà ńbẹ̀, ti Gore Vidal, ti Jean Genet, àwọn ìwé tó jẹ́ pé òmíì nínú wọn ẹ lè rìn wọ ilé ìtàwé míì ní London lọ́jọ́ yẹn kẹ́ ẹ rà á láìsí wàhálà! Òfin kọ́sítọ́ọ̀mù ti ọdún 1876 ni wọ́n gbé dání. 1876 o. Bó ṣe rí ni pé ìwé tí wọ́n bá tẹ̀ nílé, kí ẹjọ́ tó lè dé ọ̀rọ̀ ẹ̀, ó gbọ́dọ̀ jẹ́ irú èyí tó lè ba ìwà ẹni tó ń kà á jẹ́, àmọ́ èyí tó bá ti òkè òkun wọlé, kó ṣáà ti rí bákan lójú kọ́sítọ́ọ̀mù, ó parí. Wọ́n kó àwọn alábòójútó ṣọ́ọ̀bù lọ sílé ẹjọ́ pé wọ́n gbìmọ̀ pọ̀ kó ìwé bẹ́ẹ̀ wọlé. Àwọn èèyàn dáwó fún wọn, ó lé ní £55,000, Gore Vidal fúnra ẹ̀ fi £3,000 ránṣẹ́.

Ẹ wá gbọ́ nǹkan tó gbà wọ́n sílẹ̀: bèbí rọ́bà. Ilé iṣẹ́ kan kó bèbí tí wọ́n ń fatẹ́gùn sí wọlé láti Jámánì, bèbí àgbàlagbà ni o, ẹ ti mọ èyí tí mò ń wí, kọ́sítọ́ọ̀mù gbà á lọ́wọ́ wọn, ọ̀rọ̀ dé ilé ẹjọ́ Yúróòpù. Lọ́dún 1986 ilé ẹjọ́ yẹn ní tí òfin yín ò bá ní kí àwọn èèyàn yín má ṣe irú ẹ̀ nílé, ẹ ò lè máa gbẹ́sẹ̀ lé e lẹ́nubodè. Ọdún yẹn náà ni wọ́n da ẹjọ́ ìwé nù. Nígbà tí mo sọ ọ́ fún àbúrò mi, ó rẹ́rìn-ín débi tó fi ìwé bojú.

Lọ́dún 1984 yẹn kan náà ni àwọn awakùsà èédú daṣẹ́ sílẹ̀, àwọn ọmọ géè àti lẹ́síbíà kan bẹ̀rẹ̀ sí í gbé korobá gbowó fún wọn, inú ṣọ́ọ̀bù tó ń jẹ́jọ́ lọ́wọ́ yìí ni wọ́n ti ń ṣèpàdé. Àwọn awakùsà náà ò gbàgbé, níbi Pride 1985, ìwọ́de ọdọọdún àwọn géè àti lẹ́síbíà, wọ́n wá pẹ̀lú ásíá wọn, iwájú ni wọ́n wà. Mark Ashton wà lára àwọn tó dá ẹgbẹ́ yẹn sílẹ̀. AIDS ló pa á lóṣù kejì 1987, ọmọ ọdún 26 péré. Tẹ́ ẹ bá gbójú sókè kẹ́ ẹ tó wọlé ẹ máa rí àwo ìrántí aláwọ̀ búlúù tí wọ́n fi orúkọ ẹ̀ sí, 2017 ni wọ́n gbé e síbẹ̀. Àwa ò rí i nígbà tá à ń wọlé, ìgbà tá à ń jáde ni.

Lọ́dún tó tẹ̀ lé ikú ẹ̀ ni ìjọba tún wá gbé òfin Section 28 jáde, pé káńsù kankan ò gbọ́dọ̀ máa gbé ọ̀rọ̀ géè lárugẹ, àwọn tíṣà bá panu mọ́. 2003 ni wọ́n tó fagi lé e ní England. Èmi wà ní ilé ìwé kékeré ní London níbí nígbà náà, ẹ̀rù ló ń ba àwọn tíṣà wa àbí wọn ò ráyè ni, mi ò mọ̀, kò ṣáà sẹ́ni tó mẹ́nu bà á.

Ẹ má gbé báàgì ńlá lọ lọ́jọ́ Sátidé, ẹ máa fi gbá ìwé lulẹ̀. Ẹ béèrè àwọn ẹgbẹ́ tó ń pàdé ńbẹ̀ náà, àwọn lẹ́síbíà ní ẹgbẹ́ ìjíròrò tó ti pẹ́, àwọn trans náà ní tiwọn. Tẹ́ ẹ bá ṣì lẹ́sẹ̀, Queer Britain, mùsíọ́ọ̀mù ìtàn àwọn LGBT, wà lápá Granary Square lẹ́yìn King's Cross, ọ̀fẹ́ ni.

Àbúrò mi tí kì í ka ìwé jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ pẹpẹ ewì, bàtà ẹ̀ tó rin ló nà síta, àwọn èèyàn ń gbẹ́sẹ̀ kọjá lórí ẹ̀, kò gbójú sókè. Mo ka ojú ìwé 40 nínú èyí tí mo mú, òun ò tíì dìde. Nígbà tó yá, ó kó mẹ́rin wá síbi ìsanwó, ó ní "Sisí mi, ẹ bá mi san án ná, Friday ni wọ́n máa sanwó fún mi." Friday mẹ́ta ti kọjá.